Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Káńtátà Bach Nínú Ìsìn Àdífẹ́ńtì

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, "Hallelujah" ti Handel ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń fà yọ. N ò bá orin náà jà. Mo ti kọ ọ́ títí mo fi lè kọ ọ́ lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Messiah wò, ìyẹn orin gígùn tí wọ́n ti fà á yọ: ìparí apá kejì ni orin náà wà, lẹ́yìn tí Jésù ti jìyà, tó ti kú, tó sì ti jíǹde. Àdífẹ́ńtì kọ́ nìyẹn. Àlejò là ń retí ní Àdífẹ́ńtì. Kò tíì wọlé, a ò sì tíì bu oúnjẹ fún un.

Orin kan wà tó bá ìretí yẹn mu gẹ́lẹ́. Johann Sebastian Bach ló kọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni BWV 61 (BWV ni àtòkọ tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ Bach). Káńtátà ni: orin tí wọ́n ṣe fún ìsìn ọjọ́ kan pàtó, tí ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tó ń dá orin àti àwọn ohun èlò sì pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò gùn ju ìṣẹ́jú 15 sí 18 lọ. Olùdarí akọrin tó fẹ́ dán an wò ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bóyá èèyàn 16 ló wà lábẹ́ yín tàbí 60.

Ìdí tí ẹ fi máa mú 61, tí ẹ ò ní mú àwọn yòókù

Káńtátà mẹ́ta tí Bach ṣe fún Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní nínú Àdífẹ́ńtì ló kù sáyé. BWV 61 ló ṣáájú. Ìlú Weimar ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 1714, ọdún kan náà tí wọ́n fi Bach ṣe olórí àwọn olórin ààfin níbẹ̀, tí wọ́n sì ní kó máa gbé káńtátà tuntun kan jáde lóṣooṣù. BWV 62 tẹ̀ lé e ní 1724, BWV 36 sì dé ní 1731, àwọn méjèèjì ní Leipzig, ìlú Jámánì mìíràn. BWV 62 ń fẹ́ fèrè horn àti fèrè oboe. BWV 36 ń fẹ́ oboe d'amore, irú fèrè oboe kan, ó sì gùn débi pé wọ́n pín in sí méjì, ìdajì ṣáájú ìwàásù, ìdajì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó lówó.

Fáólìnì méjì, fíólà méjì, sẹ́lò, bassoon àti ọ́gàànù ni BWV 61 ń béèrè. Àwọn tó máa dá orin kò ju mẹ́ta lọ: tẹ́nọ̀, béèsì àti tírẹ́bù. Áltò kò ní àdákọ kankan. Ẹ tètè sọ fún àwọn áltò yín, kó má di ìjà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ìpín mẹ́fà ni orin yìí ní, ṣùgbọ́n ìpín kìn-ín-ní àti ìkẹfà nìkan ni ẹgbẹ́ akọrin máa kọ. Ìkẹfà yìí kò ju báà 14 lọ. Ẹgbẹ́ akọrin tó ń kọ ańtẹ́ẹ̀mù gidi lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè kọ èyí.

Ẹ lọ bá Àlùfáà kí ẹ tó bá akọrin

Àṣìṣe tí a sábà máa ń ṣe ni pé a máa ń kọ́ orin tán ká tó wá àyè fún un nínú ìsìn. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ní kí ẹ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ. Káńtátà kì í ṣe orin ọrẹ. Àyè tirẹ̀ wà, Bach fúnra rẹ̀ ló sì kọ àyè náà sílẹ̀ fún wa. Nígbà tó tún lo BWV 61 ní Leipzig, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 1723, ọdún tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kò tíì mọ ètò ìsìn wọn dunjú. Ó bá to ètò ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé orin yìí gan-an, nǹkan 14. Ẹ̀kẹjọ ni kíka Ìhìnrere. Ẹ̀kẹsàn-án ni pé kí atẹdùùrù ta ọ́gàànù díẹ̀ láti ṣí ọ̀nà fún orin ńlá, ìyẹn káńtátà. Ẹ̀kẹwàá ni Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ìkọkànlá sì ni ìwàásù.

Ẹ gbé ètò yìí lọ fún Àlùfáà bẹ́ẹ̀: Ìhìnrere, káńtátà, Ìgbàgbọ́, ìwàásù. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ ìjọ bá ní ìṣẹ́jú 17 ti pọ̀ jù, ẹ rọra sọ fún un pé aago méje òwúrọ̀ ni ìsìn Leipzig máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ìwàásù nìkan á sì gba nǹkan bíi wákàtí kan.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa kà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ìhìnrere tí wọ́n ń kà nígbà Bach ni Mátíù 21, bí Jésù ṣe gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù. Ìwé àdúrà Áńgílíkà ti 1662 náà yan orí yìí fún ọjọ́ kan náà. Bí ìjọ yín bá ń lo àtòkọ ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ bẹ Àlùfáà kó jẹ́ kí Mátíù 21 wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, torí orí ìrìn ọba yẹn ni Bach kọ́ ilé orin rẹ̀ lé.

Ka ọjọ́ sẹ́yìn

Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní Àdífẹ́ńtì kì í ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, kì í sì í kọjá ọjọ́ 3 oṣù kejìlá. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ máa bá ara yín ní apá ìparí oṣù kẹsàn-án. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pọ̀ fún orin tó kéré báyìí, ṣùgbọ́n ìkórè wà láàárín. Ìkórè àwọn ọ̀dọ́, ìkórè àgbà, ìkórè ìjọ tí wọ́n pè yín sí: ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ sí i. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́ fún ìdánrawò pẹ̀lú àwọn olóhun èlò, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì gangan, kì í ṣe gbọ̀ngàn ẹ̀yìn.

Ẹ lè rí ìwé orin náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtẹ̀jáde àtijọ́ ti ẹgbẹ́ Bach ní Jámánì, tó jáde ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìdákọ rẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ odidi ìwé kan fún ara yín, kí ẹ tẹ ìpín kọ̀ọ̀kan fún àwọn olóhun èlò. Bí ọ̀pọ̀ nínú akọrin yín bá ń ka sọ́fà (d, r, m), ẹ jókòó kí ẹ kọ ìpín kìn-ín-ní àti ìkẹfà sí sọ́fà fúnra yín. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà mí. Àwọn mìíràn máa ní kí ẹ wá sọ́fà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó tẹ èyí tí ẹ bá rí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé orin gidi.

Ìpín kìn-ín-ní: ọba ń bọ̀

Ọ̀rọ̀ orin tó ṣíwájú jẹ́ ti Martin Luther, ó sọ ọ́ di èdè Jámánì ní 1524 láti inú orin Látìnì ti Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan. "Nun komm, der Heiden Heiland": wá nísinsìnyí, Olùgbàlà àwọn orílẹ̀-èdè. Bach mú orin ìjọ yìí, ó sì wọ aṣọ ọba fún un. Irú orin tí wọ́n ń lù ní Faransé nígbà Louis kẹrìnlá, bí ọba bá ń wọlé síbi eré, ni wọ́n ń pè ní ìṣíde Faransé: ó rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù tó ń já lẹ́sẹẹsẹ, ó yára láàárín, ó tún padà sí ìrìn jẹ́jẹ́.

Mo máa ń sọ fún akọrin mi pé kí wọ́n rántí bí kàkàkí ṣe máa ń dún ṣáájú ọba. Kò sí ọba tó ń sáré jáde. Ìró gígùn náà gùn dáadáa, ìró kúkurú tó tẹ̀ lé e kúrú gan-an, ó sì lẹ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn fáólìnì fà á ròrò, ìrìn ọba á di ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ohùn kọ̀ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ kọ ìlà kìn-ín-ní: tírẹ́bù, áltò, tẹ́nọ̀, béèsì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìró mẹ́rin àkọ́kọ́, ní sọ́fà, ni l, l, se, d'. Fífò láti se sí d' yìí kò mọ́ etí wa lára. Bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ, akọrin á kọ s dípò se, gbogbo orin á sì dà bí orin ìkórè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ l, se, l, d' lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdánrawò, títí dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ibi tó yára wà láàárín. Bach kọ "gai" sí i, ìyẹn ni pé kí inú dùn. Ohùn ń lé ohùn níbẹ̀, gbogbo ohun èlò sì ń bá akọrin lọ, nítorí náà ẹni tó bá sọnù lè gba ọ̀dọ̀ fáólìnì padà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìlù láìsí ohùn orin, bí ẹni ń ki oríkì, títí ẹnu á fi yọ̀.

Èdè Jámánì tàbí Yorùbá?

Wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n bi yín. Èmi fara mọ́ Jámánì fún orin, Yorùbá fún òye. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ká ní ẹ fi "Wá, Olùgbàlà" sí ìró mẹ́rin tí mo kà lẹ́ẹ̀kan: "Wá" lórí l, "O" lórí l, "lù" lórí se, "gbà" lórí d'. D' ló ga jù. Kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà, "gbà" ti di "gbá", Ẹni tó ń gbani là ti di ẹni tó ń gbáni létí. Ọ̀rọ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ ọ́gàànù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 sí 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ bá jà, tó fi jẹ́ pé orin tuntun ló ń ṣe fún ọ̀rọ̀ Yorùbá dípò kó máa tẹ ọ̀rọ̀ wa bọ orin òyìnbó.

Ẹ̀rù èdè Jámánì kò tó bí ẹ ṣe rò. J wọn, y ni: Jesu ń dún bí "Yésù". Ei ń dún bí "ai", d tó bá kẹ́yìn ọ̀rọ̀ á di t, nítorí náà Heiland jẹ́ "háí-lant". Sch ni ṣ wa. V wọn, f ni, ṣùgbọ́n w wọn ń dún bí v ti òyìnbó. S tó bá ṣíwájú fáwẹ̀lì ń dún bí oyin tó ń fò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe Siehe bí ẹni pe "síè". Fún ö, ẹ ní kí wọ́n fi ahọ́n pe "e", kí ètè wọn sì wà bí ẹni ń pe "o". Fún ü, ahọ́n wà lórí "i", ètè wà lórí "u". Àwọn ọmọdé máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Àwọn béèsì ló máa ń gba àkókò.

Ẹ wá tẹ ìtumọ̀ sínú ìwé ètò ìsìn. Ẹ lè lo èyí tàbí kí ẹ tún un ṣe:

1. Wá nísinsìnyí, Olùgbàlà àwọn orílẹ̀-èdè, ọmọ wúńdíá; ẹnu ń ya gbogbo ayé sí ìbí tí Ọlọ́run yàn fún ọ.
2. Olùgbàlà ti dé, ó ti gbé ẹran ara wa wọ̀.
3. Wá, Jésù, wá sínú ìjọ rẹ, fún wa ní ọdún tuntun alábùkún.
4. Wò ó, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń kànkùn.
5. Ṣí sílẹ̀, gbogbo ọkàn mi; Jésù ń bọ̀ wá wọlé.
6. Àmín, àmín. Wá, adé ayọ̀, má ṣe pẹ́. Mo ń dúró dè ọ́ tọkàntọkàn.

Ẹlòmíràn á béèrè pé ọdún tuntun wo ló wà ní ìlà kẹta nígbà tí Kérésì kò tíì dé. Ọdún ìjọ ni. Ọjọ́ Àdífẹ́ńtì kìn-ín-ní ló ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó máa dá orin

Tẹ́nọ̀ ló ni ìkejì àti ìkẹta. Ìkejì dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí ẹ má fi ọwọ́ darí rẹ̀ jù. Ìkẹta, mẹ́sàn-án ni ìlù inú báà kan, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ kónkóló kò ní rí i bí ìṣòro, àníyàn mi ni pé kó má lọ di ijó. Kí ó máa mì bí ẹni ń gbé ọmọ jò.

Ìkẹrin ni mo ní kí ẹ fún ní ẹni tó dára jù lọ́wọ́ yín. Béèsì ni, báà 10 péré, ọ̀rọ̀ Jésù láti inú Ìfihàn 3:20. Bach ní kí gbogbo olókùn, ìyẹn àwọn tó ń lu fáólìnì, fíólà àti sẹ́lò, gbé ọ̀pá sílẹ̀, kí wọ́n fi ìka ta okùn: kó, kó, kó. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń lù fún wa máa ń ta á bí ẹni wá gba owó. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ní ilé wa, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà á kígbe "Àgò o!", á sì dúró kí onílé dáhùn "Àgò yà" kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Àgò ni kí wọ́n ta. Kí béèsì náà má fi agbára kọ ọ́; kó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó lè pa dà lọ bí wọn ò bá dá a lóhùn.

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é, ẹnikẹ́ni tó jókòó kọjá ìlà kẹta kò gbọ́ kíkànkùn náà rárá. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ sí gbohùngbohùn iwájú sẹ́lò. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń yan ọmọ akọrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pa fáànù ẹ̀gbẹ́ wa nígbà tí tẹ́nọ̀ bá parí, kó sì tún un tàn lẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá kéré, ẹ má fi gbohùngbohùn sí àwọn olókùn rárá.

Ìkarùn-ún jẹ́ ti tírẹ́bù, òun pẹ̀lú sẹ́lò àti ọ́gàànù nìkan. Onílé ló ń dáhùn báyìí. Ẹ yan ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ́, tí kì í gbọ̀n, ì báà má tilẹ̀ lágbára. Kí àwọn ọ́ṣà má rìn kiri nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àwo ọrẹ.

Bí ẹ ò bá rí gbogbo ohun èlò

Bassoon ń tẹ̀ lé ohun tí sẹ́lò ń lù ni, ẹ lè yọ ọ́. Fíólà ló ṣòro, torí àwọn tó ń lù ú kò pọ̀ láàárín wa, méjì ni Bach sì ń béèrè. Fáólìnì lè lu fíólà kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n okùn G ni fáólìnì mọ. Ìró tó bá lọ sábẹ́ rẹ̀, kí atẹdùùrù bá yín mú un. Fíólà kejì, ẹ gbé e fún kíbọ́ọ̀dù tàbí ọwọ́ òsì ọ́gàànù. Mo ti rí i tí wọ́n fi sáksófóònù dí i. Ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti gíga ìró tí ẹ máa fi tún ohun èlò ṣe, ẹ dúró sí A 440 (ìró A tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lé lógún àti irinwó... ). Òótọ́ ni pé àwọn tó ń lu orin àtijọ́ lónìí sábà máa ń lo 415, ìlàjì ìró sísàlẹ̀, kíbọ́ọ̀dù sì lè ṣe é bí ẹ bá fi transpose sí −1. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú okùn fáólìnì wálẹ̀, ó máa gbà tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jókòó, ọyẹ́ sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nígbà náà, tí pákó á máa gbẹ, tí okùn á máa sún. Bí ọ́gàànù onípáìpù lẹ ní, òun ni kí ẹ fi tún okùn ṣe, kì í ṣe fóònù, torí ooru máa ń gbé ìró páìpù sókè. Ohun tó jẹ́ 440 láàárọ̀ lè ti kọjá bẹ́ẹ̀ tó bá di aago mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ náà

Kí gbogbo olókùn ti dé ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú ìsìn. Ẹ jẹ́ kí atẹdùùrù fi BWV 599 wọlé, orin kúkurú tí Bach kọ sórí orin Luther kan náà, kí etí ìjọ ti mọ̀ ọ́n kó tó di ti akọrin. Ẹ jẹ́ kí Àlùfáà sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò sí àtẹ́wọ́ láàárín àwọn ìpín, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò, nítorí ó dájú pé ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn tẹ́nọ̀. Kí àwọn tó ń dá orin má máa rìn lọ, rìn bọ̀; kí wọ́n dìde síbi tí wọ́n jókòó.

Nínú ìpín tó kẹ́yìn, akọrin ń kọ ìdajì ìkẹyìn orin Philipp Nicolai tó jáde ní 1599, fáólìnì méjèèjì sì gun òkè gbogbo ohùn lọ. Ẹ má jẹ́ kí akọrin bá wọn du gíga. Kí ìró ìkẹyìn náà dún tán pátápátá, kí Àlùfáà ka ení dé àrún nínú ọkàn rẹ̀, kó tó sọ pé, "Mo gba Ọlọ́run Baba gbọ́."